Kọ́ọ̀sì lórí ohun tó ń fún ṣọ́jà ní kóríyá: ẹ gbọ́ ọ, àmọ́ ẹ fo apá kẹta

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ kọ́ọ̀sì kan tán lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni o, èyí tí wọ́n fi ń ṣàlàyé ohun tó máa ń gbé èèyàn wọ iṣẹ́ ológun, ohun tí kìí jẹ́ kó sá nígbà tí ìbọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún, àti ohun tó ń mú un dúró síbẹ̀ lẹ́yìn ìgbà tó ti yẹ kó ti máa lọ. Mi ò ní dárúkọ àwọn tó ṣe é torí mo ní ẹjọ́ díẹ̀ tí màá rò nípa wọn tó bá yá, mi ò sì fẹ́ wàhálà. Àmọ́ kí n ti sọ ọ́ báyìí kó má di pé ẹ ń wá a kiri nínú ọ̀rọ̀ mi: kọ́ọ̀sì yìí dáa. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Ìràwọ̀ kan tí mo yọ yẹn, apá kẹta ló fà á.

Ohun tó jẹ́ kí n rà á ni pé ọ̀nà táwọn èèyàn ń gbà sọ̀rọ̀ ṣọ́jà ti sú mi. Àwọn kan á ní ìfẹ́ ilẹ̀ bàbá wọn ló gbé wọn débẹ̀, wọ́n á wá máa sọ ọ́ bíi pé gbogbo ṣọ́jà ló ń sunkún tó bá ti rí àsíá. Àwọn kan á ní irọ́ ni jàre, àìríṣẹ́ṣe ni, ẹni tó bá ríṣẹ́ míì ṣe ò ní gbé ìbọn kọ́rùn láé. Èmi tí mo ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò nínú iṣẹ́ náà mọ̀ pé kò sí èyí tó bá wọn mu tán nínú méjèèjì. Mo bi ẹ̀gbọ́n mi rí pé kí ló dé tí wọn ò kúrò nígbà tí àǹfààní ẹ̀ yọ, wọ́n kàn wò mí, wọ́n ní "ta ni kí n wá fi àwọn ọmọ yẹn sílẹ̀ fún?" Kìí ṣe ọmọ tí wọ́n bí ni wọ́n ń sọ o, àwọn ọmọọṣẹ́ tó wà lábẹ́ wọn ni. Irú ìdáhùn yẹn ni mo fẹ́ kí ẹnì kan ṣàlàyé fún mi.

Apá márùn-ún ni kọ́ọ̀sì náà, púpọ̀ nínú ẹ̀ ló jẹ́ ohùn lásán tí ẹ lè máa gbọ́ tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ ilé, fídíò ò pọ̀, ìyẹn sì dùn mọ́ mi nínú torí kò jẹ mí ní dátà. Màmá kan tó ti ṣe nọ́ọ̀sì nínú iṣẹ́ ológun rí ló ń kọ́ wa ní èyí tó pọ̀ jù. Ohùn wọn tutù, wọn kìí kánjú, wọn kìí pariwo, tí ọ̀rọ̀ bá sì ta kókó wọ́n á ní "ẹ jẹ́ ká tún un wò," wọ́n á wá tún un sọ lọ́nà míì. Mo fẹ́ràn wọn gan-an.

Apá kìíní dá lórí ohun tó ń mú èèyàn wọlé. Nǹkan tó kọ́kọ́ gbá mi létí níbẹ̀ ni bí ọ̀rọ̀ owó ṣe ti pẹ́ tó nínú iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 6 lẹ́yìn ìbí Kristi, Augustus tó jẹ́ olú-ọba Róòmù ti dá àpò owó kan sílẹ̀ tó jẹ́ ti owó ìfẹ̀yìntì ṣọ́jà nìkan, ẹ sì mọ ibi tó ti ń rí owó yẹn? Owó orí tó bù lé ogún táwọn èèyàn ń jẹ, náírà márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ká ní owó tiwa ni, àwọn olówó sì kùn títí. Nígbà tó yá, àwọn tí kìí ṣe ọmọ Róòmù tó bá wọ ẹgbẹ́ ogun ìrànlọ́wọ́ wọn, tí wọ́n bá fi ọdún 25 sìn ín, wọ́n á di ọmọ onílùú. Ilẹ̀ Faransé náà dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun àwọn àlejò sílẹ̀ ní 1831, títí dòní ẹni tó bá ti lo ọdún 3 níbẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ ìwé ọmọ-ìlú. Amẹ́ríkà ṣòfin ní 1944 pé ṣọ́jà tó bá ti ogun dé á rí owó ilé ẹ̀kọ́ àti ẹ̀yáwó ilé gbà. Nígbà tí wọ́n wá fòpin sí fífi ipá mú èèyàn wọṣẹ́ ológun ní 1973, ó di dandan kí iṣẹ́ ológun máa polówó ara ẹ̀ bíi iléeṣẹ́ yòókù. Nítorí náà ẹni tó bá ní àwọn ọmọ òde òní ló ń wá owó, pé láyé àtijọ́ iyì nìkan ni wọ́n ń jà fún, ẹ bá mi kí i o, ẹ ní mo ní kó lọ jókòó.

Wọ́n wá ṣe nǹkan kan lórí áàpù náà tó wọ̀ mí lára gidi. Wọ́n kó àwọn káàdì kéékèèké síwájú yín, ohun kan tó lè mú èèyàn wọṣẹ́ ológun ló wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: owó oṣù tí kìí yẹ̀. Bàbá mi ṣe é. Mo fẹ́ kàwé sí i. Mo fẹ́ dáàbò bo àwọn èèyàn mi. Mo fẹ́ kúrò nílé. Mo fẹ́ rí ayé. Aṣọ yẹn wù mí. Ẹ̀yin á wá fi ìka fà wọ́n, èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú yín á wà lókè. Mo to tèmi, owó oṣù lókè téńté, mo kọjá lọ, mo tiẹ̀ ti gbàgbé ẹ̀.

Àfi ìgbà tí mo dé ìbẹ̀rẹ̀ apá kejì tí wọ́n kó káàdì kan náà jáde padà. Lọ́tẹ̀ yìí màmá yẹn ní kí n wò ó pé òru ni, òjò ti ń rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ ti rẹ nínú bàtà, èmi ni mo ń ṣọ́nà. Èkejì mi ti sùn nínú kòtò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé orí lé àpò ẹ̀, ó ku wákàtí méjì kí n tó jí i kó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Oorun ń kùn mí. Nǹkan kan sì mi nínú igbó lọ́ọ̀ọ́kán. Wọ́n ní kí n tún káàdì yẹn tò, èwo nínú ẹ̀ ni ò ní jẹ́ kí n sùn? Mo gbé ìka sórí owó oṣù, mi ò lè fà á lọ sókè. Ṣé owó oṣù ló máa là mí lójú sílẹ̀ ni àbí aṣọ tó wù mí? Mò ń wo gbogbo káàdì yẹn, kò sí èyí tó bá a mu, ìgbà yẹn ni wọ́n wá fi ọ̀kan tuntun kún un tí ò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀: "ẹni tó sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi." Ẹni tó ronú kan káàdì yẹn gbọ́n jàre.

Apá kejì yìí nìkan tó owó tí mo san. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ látorí Samuel Stouffer, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ológun Amẹ́ríkà gbé ẹ̀ka kan kalẹ̀ tí iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kó máa bi ṣọ́jà léèrè ọ̀rọ̀ lọ, àwọn tí wọ́n bi sì lé ní ìdajì mílíọ̀nù kí gbogbo ẹ̀ tó parí, ọdún 1949 ni èsì ẹ̀ jáde. Àwọn tó ti fojú ara wọn rí ogun, tí wọ́n bá bi wọ́n pé kí ló ń mú wọn tẹ̀ síwájú, ìdáhùn tó wọ́pọ̀ jù ni pé kí iṣẹ́ yìí ṣáà parí káwọn lè máa relé. Òmíràn tó tún lágbára ni pé àwọn ò lè já àwọn táwọn jọ wà níbẹ̀ kulẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ ńlá ńlá tí wọ́n máa ń kọ sára ògiri, àwọn tó dárúkọ ẹ̀ ò tó nǹkan. Nígbà tó bá sì le tán, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní àdúrà ló ń ran àwọn lọ́wọ́.

Lẹ́yìn yẹn ni Shils àti Janowitz, àwọn méjì tó kọ̀wé ní 1948 lórí àwọn ṣọ́jà Jámánì tí wọ́n mú lójú ogun yẹn. Ìbéèrè wọn ni pé kí ló dé táwọn èèyàn yìí ṣì ń jà nígbà tó ti hàn sí gbogbo ayé pé wọ́n ti pàdánù? Ohun tí wọ́n rí ni pé níwọ̀n ìgbà tí ẹgbẹ́ kékeré tí ṣọ́jà wà nínú ẹ̀ bá ṣì dúró, tí àwọn tó mọ orúkọ ẹ̀ ṣì wà, tí ọ̀gá ẹ̀ ṣì ń bójú tó o, á máa jà, ohun yòówù kí rédíò máa sọ. Ìgbà tí ẹgbẹ́ yẹn bá tú ká ló máa ń juwọ́ sílẹ̀.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ̀rọ̀ yìí máa ń dúró sí, wọ́n á ní ọ̀rẹ́ ni gbogbo ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tán. Màmá wa ò dúró o. Wọ́n ní òpìtàn kan, Omer Bartov, wo ojú ogun tó wà lápá ìlà-oòrùn, níbi tí Jámánì ti ń bá Rọ́ṣíà jà, ó ní ikú tó ń pa wọ́n níbẹ̀ pọ̀ débi pé ẹgbẹ́ kékeré yẹn ò lè wà pẹ́, àwọn tẹ́ ẹ jọ débẹ̀ á ti kú tán láàárín ìgbà díẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ń jà. Ṣé ọ̀rẹ́ náà ni? Bartov ní rárá, ohun tí Hitler ti kó sí wọn lórí láti kékeré wà níbẹ̀, ìbẹ̀rù náà sì wà níbẹ̀, torí pé ilé ẹjọ́ ológun Jámánì pa ọmọ ogun tiwọn alára tó lé ní 10,000. Àwọn tó kú nípa ọwọ́ ọ̀gá wọn nìyẹn o, kìí ṣe ọ̀tá. Mo dá ohùn náà dúró níbẹ̀ yẹn, mo lọ mu omi. Nǹkan tí mo fẹ́ràn ni pé wọn ò fipá mú èmi tí mò ń gbọ́ láti yan ẹyọ kan. Wọ́n tún mú ìwádìí kan wá tó jáde ní 2017, Scott Atran wà lára àwọn tó ṣe é, wọ́n lọ bá àwọn jagunjagun tó ń bá ISIS fà á lójú ogun ní Ìráàkì, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé àwọn kan wà tí ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ju ọ̀rẹ́ lọ, tó ju ẹbí pàápàá lọ, wọn ò sì ní tà á lówókówó. Nítorí náà ọ̀rẹ́ ò dáhùn gbogbo ìbéèrè, ọ̀rọ̀ ńlá náà lágbára, àmọ́ ó ní irú ẹni tó ń ràn àti irú ogun tó ti ń ràn wọ́n.

Ohun míì tó wà ní apá kejì tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ti ogun Vietnam. Ọ̀pọ̀ ṣọ́jà Amẹ́ríkà, oṣù 12 ni wọ́n ń lò níbẹ̀, àmọ́ kìí ṣe pé wọ́n jọ ń lọ, tí wọ́n jọ ń bọ̀. Kálukú ló ń dá lọ. Wàá bọ́ sílẹ̀ látinú ọkọ̀ òfurufú láàárín àwọn tí o ò rí rí, wọ́n á máa wò ọ́ bí ẹni tó lè ṣi ẹsẹ̀ gbé kó pa gbogbo wọn, nígbà tí wọ́n bá wá fẹ́ràn ẹ tán, ọjọ́ tìẹ pé, o lọ, wọ́n gbé ẹlòmíì wá. Ọ́físà tó ń darí wọn lójú ogun tiẹ̀ máa ń lò tó oṣù mẹ́fà ni kí wọ́n tó gbé e kúrò. Kálukú wá ń ka ọjọ́. Tí ẹ bá fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí Shils àti Janowitz sọ, ẹ̀yin náà á rí i pé bí ẹni mọ̀ọ́mọ̀ tú ẹgbẹ́ ká lọ́wọ́ ara ẹni ni.

Mo tún gbóríyìn fún wọn pé wọn ò gbé ọ̀rọ̀ S.L.A. Marshall, òpìtàn ológun Amẹ́ríkà kan, fún wa mu bí omi. Ẹ lè ti gbọ́ ọ rí, pé ṣọ́jà tó ń yìnbọn lójú ogun nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ò ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Ọdún 1947 ló kọ ọ́, gbogbo ayé ló ń tún un sọ, àmọ́ nígbà táwọn òpìtàn wá ẹ̀rí tó fi kà wọ́n, wọn ò rí i. Màmá sọ ìyẹn ní kedere, wọ́n kọjá.

Apá kẹta. Hmm. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fò ó. Wọ́n gbé màmá kúrò, wọ́n gbé ọkùnrin kan wọlé tó wọ kóòtù, ó wá ń kọ́ wa bí a ṣe lè darí ọ́fíìsì bí ọ̀gágun. Ta ló bi í? Mo wá mọ ìdí tí èèyàn fi lè dúró sínú òjò láàárín òru, ó ń sọ fún mi pé kí n jí ní agogo márùn-ún kí n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ohùn ẹ̀ náà ń dún wúwú bíi pé inú ilé ìwẹ̀ ló ti gbà á sílẹ̀. Àwọn ìbéèrè ìdánwò tó wà níparí ẹ̀ burú ju ẹ̀kọ́ náà lọ, ìkan bi mí pé "ṣé ìgboyà dáa?" Ìdáhùn méjì ló wà, bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́.

Màmá padà dé ní apá kẹrin, ọpẹ́ ni. Èyí dá lórí ohun tó ń mú ṣọ́jà dúró pẹ́, tó bá dọwọ́ èmi ni, òun ni wọn ò bá fi ṣáájú. Àwọn Stouffer yìí kan náà bi àwọn ọlọ́pàá ológun àtàwọn tó wà lẹ́ka ọkọ̀ òfurufú pé ṣé ìgbéga inú iṣẹ́ tẹ́ wọn lọ́rùn. Lẹ́ka ọkọ̀ òfurufú, oyè ń yára gorí oyè, lọ́dọ̀ ọlọ́pàá ológun ẹ lè wà lójú kan kó pẹ́ gan-an. Ta lẹ rò pé inú ẹ̀ dùn sí ètò ìgbéga jù? Àwọn ọlọ́pàá ológun ni! Torí pé níbi tí ò ti sẹ́ni tó ń rí i, kò sẹ́ni tó ń wo ọwọ́ ẹnìkejì. Níbi táwọn ẹgbẹ́ yín ti ń gòkè lójoojúmọ́, ọjọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n bá fò yín, ẹ ò ní sùn. Mo rántí iye ìgbà tí mo ti gbọ́ kí ṣọ́jà máa ráhùn, kìí sábà jẹ́ pé owó kéré, "wọ́n fún lágbájá, wọn ò fún mi" ni, "èmi ni wọ́n ń rán lọ ṣáá" ni, "àjẹmọ́nú tiwọn ti wọlé, tiwa ò tíì wọlé" ni. Ẹ gbé mẹ́dàl tó wúwo jù fún ẹni tí wọ́n ti rẹ́ jẹ, kò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Apá kẹrin yìí náà ni wọ́n ti sọ ti West Point, iléèwé àwọn ọ́físà ní Amẹ́ríkà. Àwọn olùwádìí kan tẹ̀ lé akẹ́kọ̀ọ́ 11,320 láti ìgbà tí wọ́n wọlé títí wọ́n fi wọnú iṣẹ́ gan-an, ọdún 2014 lèsì ẹ̀ jáde. Àwọn tó wá torí pé iṣẹ́ ọ́físà fúnra ẹ̀ ló wù wọ́n ṣe dáadáa: wọ́n jáde, wọ́n tètè gòkè, wọ́n sì dúró lẹ́yìn ọdún 5 tó jẹ́ dandan. Ìyẹn ò yà mí lẹ́nu. Èyí tó yà mí lẹ́nu ni àwọn tí iṣẹ́ náà wù, tí wọ́n tún fẹ́ kó fún wọn níṣẹ́ olówó ńlá lọ́jọ́ iwájú. Èmi ìbá ní ìdí méjì á lágbára ju ẹyọ kan lọ, àbí? Rárá o, wọn ò ṣe tó àwọn tí iṣẹ́ náà nìkan wù. Màmá wá fi sùúrù sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gbé èyí sáré lọ dín owó oṣù ṣọ́jà kù, torí ọmọ tó ń múra àtidi ọ́físà ni wọ́n wò, wọn ò wo ẹni tó wọlé torí kó lè bọ́ ìyá ẹ̀. Mo pàtẹ́wọ́ fún wọn nínú yàrá mi.

Apá karùn-ún kúrú jù, ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò nìyí. Wọ́n fẹnu kan bí iṣẹ́ náà ṣe máa ń súni, pé èyí tó pọ̀ jù nínú ayé ṣọ́jà ni ìdúró, kẹ́ ẹ máa dúró de ọkọ̀, kẹ́ ẹ máa dúró de àṣẹ, kẹ́ ẹ máa nu ìbọn tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Wọ́n fẹnu kan ìyàwó àti ọkọ tó wà nílé. Wọ́n kọjá lọ fíìì. Àwọn tó ń wa ọkọ̀, tó ń se oúnjẹ, tó ń tún rédíò ṣe, tó ń ka ẹrù ní sítọ́ọ̀ ńkọ́? Nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ológun òde òní àwọn wọ̀nyí ló pọ̀ ju àwọn tó ń yìnbọn lọ, kò sì sí kòtò kankan tí wọ́n jọ ń sùn sí. Kí ló ń fún wọn ní kóríyá? Kọ́ọ̀sì tí nọ́ọ̀sì ṣe, tí ò sì sọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì, ẹ ò rí i pé ó mú ìbéèrè lọ́wọ́? Mo kọ̀wé sí wọn, ẹ̀rọ ló fèsì, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo ra kọ́ọ̀sì lórí aṣáájú rere, tí mi ò rà rí.

Ti áàpù náà, ó ṣeé lò. Ó máa ń gbàgbé ibi tí mo bá a dé tí mo bá pa fóònù, àmọ́ ẹ lè gba gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ máa gbọ́ ọ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n ń fún yín níparí kìí ṣe nǹkan tí ẹ máa gbé lọ sí ibikíbi, ẹ má torí ẹ̀ rà á.

Ẹni tó bá jẹ́ ọ̀gá lórí àwọn ṣọ́jà, kódà kó ṣe sájẹ́ntì tó ní èèyàn mẹ́jọ péré lábẹ́, apá kẹrin ni kó ti bẹ̀rẹ̀, kó sì gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì kó tó kọ ìwé ìgbéga ẹnikẹ́ni. Ẹni tó kàn fẹ́ràn ìtàn ogun á gbádùn apá kejì, kò nílò ìyókù. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ti ń sọ ọ́ pé òun fẹ́ wọṣẹ́ ológun, ẹ jọ jókòó ti káàdì apá kìíní yẹn kó tó buwọ́ lùwé, kálukú yín to tiẹ̀ lọ́tọ̀ kẹ́ ẹ tó fi hàn ara yín.